Òkúta Tó Dáhùn

Láàárọ̀ yìí, ọmọ-ọmọ mi gbá bọ́ọ̀lù lu iwájú ilé wọn ní Grayson, nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, ògiri sì dún gbò-ò bí agolo òfìfo. Òkúta lojú ń rí o. Mo sún mọ́ ọn: òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó ni. Ẹ̀yìn ilé kò tiẹ̀ ní òkúta rárá.

"Grandma, dìsáìnì ni," lọmọ náà wí.

Bẹ́ẹ̀ lọkàn mi lọ sí ilé òkúta tí bàbá mi kọ́ ní abúlé wa lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Àlùfáà òyìnbó kan ló gbé iṣẹ́ náà fún un. Ó ní kó rí gẹ́lẹ́ bí ilé tí wọ́n bí òun sí ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ògiri tó nípọn ju gígùn apá mi lọ, fèrèsé tóóró nítorí òtútù, àti ibi ìdáná nínú pálọ̀ tòun ti ihò èéfín. Nínú ooru tiwa! Nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, ó fi ilé náà ta bàbá mi lọ́rẹ, ni adìẹ ìyá mi bá gba ibi ìdáná. Ibẹ̀ la ti ń kó ẹyin. Èmi gba ojú fèrèsé, mo máa ń ká ẹsẹ̀ jókòó síbẹ̀ bó ẹ̀gúsí, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí mi lọ́rùn.

Mo ti tó pọnmi nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Kò sí òkúta tí bàbá mi yóò gbé sórí ògiri láì kọ́kọ́ fi òòlù kan án. Èyí tó bá dún gooro, á ní, "Ó dáhùn." Èyí tó bá dún gbò, inú rẹ̀ ti sán nìyẹn; á jù ú sẹ́yìn: "Òpùrọ́! Máa lọ!" Àwa ọmọdé á rẹ́rìn-ín títí.

Àbúrò mi, Káyọ̀dé, ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Ó fẹ́ wó o, kó kọ́ fúláàtì fún ayálégbé. Òní ni katakata máa dé. Mo pè é.

"Káyọ̀dé, ṣé ilé yẹn ti sán ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣókùnkùn ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tíná kì í ti í lọ, ẹ wá ń bá wa tún ilé ṣe!"

"Mú òòlù, kan ògiri kí n gbọ́."

Ó kùn, ó kan án. Gooro! Òkúta dáhùn láti òkè òkun. Káyọ̀dé náà gbọ́ ọ, ó tún kan án lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ó dáa. Màá fi ògiri iwájú sílẹ̀ nítorí yín. A ó kọ́ búlọ́ọ̀kù mọ́ ọn lẹ́yìn. Á wá rí bí ilé Amẹ́ríkà."

Inú bí mi. Mo ṣáà ní kó má fọwọ́ kan fèrèsé mi.

Ayé ń yí, mo gbà. Ẹni tó ń gbé inú ilé náà ló mọ ibi tó ń ni í lára. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá fi ilé hàn yín, ẹ má fojú rà á. Ẹ kan án, ẹ dẹtí. Ìyẹn ò tíì yí padà.

Nígbà tí mo pa fóònù, mo jáde lọ kan ògiri ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbò-ò. Bàbá mi ìbá ti jù ú sẹ́yìn.