Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Rẹ̀

Nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ tuntun, ìyàwó mi nìkan ni dókítà ní wọ́ọ̀dù pàjáwìrì wọn n'Ìkẹ́rẹ́. Bó bá délé, kì í tètè sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Á kàn jókòó, ọwọ́ lórí sítíárìn. Mo máa ń rò pé èmi ló ń bínú sí. Lọ́jọ́ tí ọmọ iléèwé kan kú mọ́ ọn lọ́wọ́, mo lọ kan gíláàsì.

“Dókítà, ṣé ibí lo fẹ́ sùn ni?”

“Dádì, ẹ máa jẹun lọ. Ẹ jẹ́ kí n sunkún tán kí n tó wọlé bá àwọn ọmọ.”

Mo sì lọ jẹun lóòótọ́. Ó ti pẹ́ tó ti kú báyìí. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo lọ́jọ́ náà, kò sì ti ilẹ̀kùn. N kò ronú pé mo lè wọlé jókòó tì í.