Imú Orí Mustang

"Má tíì dè é mọ́ ọn o. Dúró kí n dé."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí Sàkàrìyáù sọ fún Nàfíù àbúrò rẹ̀ nìyẹn. Kò sọ ìdí. Ó ta alùpùpù rẹ̀ nípàá, ó dorí kọ ọ̀nà Ṣáṣá. Nígbà tó ń bọ̀, tipa oníyanrìn kan tí kò ní bíréèkì gbá a. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín.

Ọdún 1991 ni. Sàkàrìyáù jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Pánẹ́lì-bítà ni, ní Ẹ̀gbẹ́dá, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan lórí ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀. Kò ga. Ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Kò tíì gbéyàwó. Ó ní ilé ìyá òun lòun á kọ́kọ́ kan páànù tuntun sí. Bí ọkọ̀ bá forí gbá ògiri, Sàkàrìyáù á di ojú, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ibi tó wú, á ní, "Ibí ló ti ń dùn ún." Òun á nà án, Nàfíù á kùn ún. Bí wọ́n ṣe ń jẹun nìyẹn. Bí oníbàárà bá ní kó ṣáà fi pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò bo ibi tó ti jẹrà, á ní, "Ẹ gbé e lọ síbòmíràn. Èmi kì í wé láwàní fún òkú ajá."

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tó kú, Mustang ni. Ọkọ̀ America, pupa, onílẹ̀kùn méjì, tí bàbá Ọ̀gbẹ́ni Julius gbé bọ̀ ní 1974. Láyé ìgbà yẹn, bó bá ń kọjá ní Ìpájà, tọmọdé tàgbà á jáde wò ó. Bàbá náà ti kú. Julius, akọ̀wé ìjọba, fẹ́ tún ọkọ̀ náà ṣe kó rí bó ṣe rí láyé bàbá rẹ̀. Sàkàrìyáù ti na bọ́nẹ́ẹ̀tì tuntun fún un, imú rẹ̀ ló kù. Imú ni wọ́n ń pe nǹkan kan tó yọ gọngọ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó la ẹnu síwájú, tó ń fa atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì. Bàbá náà ti tú u kúrò lọ́jọ́ tó ti pẹ́, ó fi kúbùsù wé e, ó fi okùn dì í, ó gbé e sí búùtù. Julius ò tú u wò rí. Sàkàrìyáù ló tú okùn náà.

Lọ́jọ́ tó tú u, Nàfíù wọlé bá a nídìí tábìlì. Ó yára fa kúbùsù bo nǹkan náà.

"Lọ ra tíńà tí a ó fi po ọ̀dà wá."

"Tíńà wà nílẹ̀, Bọ̀dá Sàká."

"Ra òmíràn."

Nàfíù lọ. Kò ro nǹkan kan sí i nígbà yẹn.

Létí sàréè, Àfáà béèrè bí wọ́n ṣe máa ń béèrè: "Ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ òkú yìí, kó sọ ọ́ nísinsìnyí." Kò sẹ́ni tó fọhùn. Julius wà níbẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Òun náà ò fọhùn.

Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ ló yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kí Nàfíù kú àjálù. Ó gbé imú náà kúrò lórí tábìlì, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó tún un gbé, bí ẹni ń fọwọ́ wọn iṣu. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó fi ha etí rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀dà dúdú, nǹkan funfun ló yọ.

"Kí lèyí?"

"Imú ọkọ̀ yín ni, sà."

"Irọ́! Fáíbà lèyí. Irin ni ti bàbá mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tó jó mi lọ́wọ́ nínú oòrùn. Wo àpá ẹ̀."

Jàfárù, tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, fi táyà sílẹ̀, ó na ọrùn. Àwọn tó ń kọjá dúró.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀. Ó ti ta ojúlówó, ayédèrú ló fẹ́ dè mọ́ ọkọ̀ mi."

"Ẹ wà létí sàréè, sà. Wọ́n béèrè. Ẹ ò sọ̀rọ̀."

"Mo ti mọ̀ nígbà yẹn ni?"

Nàfíù ń ṣọ́ ojú rẹ̀. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ọkùnrin yìí dúró kí iyanrìn bo ẹnu tó lè dá a lóhùn ni.

Nímọ́tà, ìyá wọn, jáde láti inú ilé, gèlè ń já bọ́ lórí rẹ̀. "Kí ló ní ọmọ mi ṣe?" Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. "Mo ní kí ló sọ?"

"Wọ́n ní Sàká jí imú ọkọ̀ ni, Ìyá," ni Jàfárù wí.

Ìyá jókòó sórí iyanrìn níbẹ̀.

"Ẹ fún mi dọjọ́ Ẹtì," ni Nàfíù wí.

"Ẹtì kan ṣoṣo. Bó bá kọjá ẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ni."

Ohun tó ń jẹ Nàfíù lọ́kàn, kò lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó ti ń fura sí òkú. Kúbùsù tí Bọ̀dá Sàká yára fà. Tíńà tó wà nílẹ̀, tó tún ní kóun lọ ra. "Má tíì dè é." Kí ló fẹ́ ṣe sí i? Kí ló sì lọ wá ní Ṣáṣá, nígbà tí wọn ò ní oníbàárà kankan níbẹ̀? Ó tú àpótí irinṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo abẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó tọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, èèpo ẹ̀pà ló bá níbẹ̀. Ojú tì í. Síbẹ̀, ó tọwọ́ bọ àpò kejì.

Lọ́jọ́bọ̀, ó dojú imú náà délẹ̀. Wọ́n kun inú rẹ̀ náà, ọ̀dà náà nípọn. Ta ló ń kun ibi tójú ò rí? Nàfíù mú ọ̀bẹ, ó ń ha á díẹ̀díẹ̀. Òwú ló ń yọ. Kì í ṣe aṣọ fáíbà, èyí tó máa ń yúnni lára. Òwú àpò kòkó ni.

Ó dìde dúró.

Láti ìgbà tí ọjà ti gbówó lórí, aṣọ fáíbà wọ́n bí ojú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gé àpò kòkó tẹ́ sínú fáíbà dípò rẹ̀: Abraham, bàbá tó ń ṣe ìdérí tánkì omi ní Ṣáṣá. Àwọn akunkọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ń pè é ní Alápò. Sàkàrìyáù ò mọ fáíbà pò rárá. Irin ló mọ̀.

Ó gbé imú náà sábẹ́ apá, ó fẹsẹ̀ rìn lọ. Ó dé ibi tí tipa ti gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò wò ó.

Abraham rí ohun tó wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ti wá nítorí ẹ̀. Lọ́jọ́ tó kú gan-an. Ó ní òun dá iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ̀. Orí pákó yẹn ló jókòó sí, mo fún un lómi."

Nàfíù ò jókòó. "Ta ló gbé e wá fún yín ṣe, Bàbá? Òun ni, àbí?"

"Òun kẹ̀? O ń fura sí ẹ̀gbọ́n ẹ?"

Nàfíù ń wo pákó tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí.

"Oníǹkan fúnra ẹ̀ ni. Bàbá arúgbó kan láti Ìpájà, ní '86. Ó gbé ti irin wá, mo fi òrí pa á lára kó má baà lẹ̀, mo tẹ fáíbà lé e, mo ṣí i. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni mo ṣe é. Òyìnbó kan ló ta ti irin fún. Ó bẹ̀ mí kí n kun inú èyí dáadáa, kí ọmọ òun má baà mọ̀."

"Ẹ sọ gbogbo èyí fún Bọ̀dá Sàká?"

"Gbogbo ẹ̀. Ó ní òun ò lè lu ihò sára bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹni nítorí ohun tí ẹni náà ò mọ̀. Ó ní ọmọ olóògbé ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, òun ò tíì sọ ọ́ fún ìwọ àbúrò òun pàápàá. Ó ní àṣírí òkú kì í ṣe ohun tí à ń tú nítòsí ẹni tó ń lẹ táyà." Abraham fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín tán.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn Jímọ̀, Julius dé. Èrò ti pé. Jàfárù ti gbé àga jáde. Ọ̀rọ̀ náà gbóná lẹ́nu Nàfíù. Bó bá ṣáà ti pariwo ẹ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á mọ́ fo lójú gbogbo wọn. Ti bàbá Julius á sì dọ̀tí.

"Ẹ jẹ́ ká wọnú ọkọ̀, sà."

Wọ́n jókòó sínú Mustang, wọ́n yí gíláàsì sókè. Ooru mú wọn. Nàfíù sọ ọ́ bí Abraham ṣe sọ ọ́. Ó kó òwú àpò náà lé e lọ́wọ́.

"Ìwọ àti Abraham yẹn lẹ jọ gbìmọ̀ ẹ̀."

"Ẹ lọ bi í, sà. Ó wà ní Ṣáṣá."

"Ọdún wo lo pè é?"

"'86."

Julius gbé ọwọ́ méjèèjì lé ṣíárì tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀. Ó ń wo iwájú.

"Ọdún tí mo wọ Poli nìyẹn," ló wí. "Bàbá mi ò sọ ibi tó ti rówó ilé-ìwé náà fún mi rí."

Nígbà tó jáde, ọ̀dọ̀ Ìyá ló lọ tààrà, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá. Ọmọ yín ò mú nǹkan mi. Èmi ni mo ṣì í."

"Níbo lẹ wá ti rí ti irin yẹn?" ni Jàfárù béèrè.

Julius ń gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ rẹ̀. Nàfíù mú irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀.

Jàfárù wo èkíní, ó wo èkejì. "Ẹ ti lọ parí ẹ̀ sínú ọkọ̀ nìyẹn. Ó dáa náà, mo gbọ́." Ó padà sídìí táyà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn yòókù tú ká, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ìyá fa Nàfíù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí lo sọ fún un?"

"Kò sí nǹkan, Ìyá."

"Bó o bá ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ẹ, sọ fún mi. Èmi ni mo bí i."

"Ìyá, kò mú nǹkan kan. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ìyá wo ojú rẹ̀ títí. Ó mi orí, ó wọlé lọ. Nàfíù mọ̀ pé kò gbà á tán.

"Dè é mọ́ ọn bẹ́ẹ̀," ni Julius wí. "Òun ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi."

Nàfíù wọn bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó lu ihò mẹ́rin. Ó tẹ́ rọ́bà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí omi òjò má baà wọlé, ó de nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó sì fi ọ̀dà pa ibi tí kọ́kọ́rọ́ ha. Julius wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀nà Ìpájà. Láti òkèèrè, ojúlówó ni.

Jàfárù ti palẹ̀ mọ́ lọ sílé. Nàfíù mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbá ẹ̀rún irin tó bọ́ láti inú ihò wọ̀nyẹn jọ. Àwọn kan wọnú iyanrìn. Ó lóṣòó, ó ń fọwọ́ ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má baà gún ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀.