Káàdì Tí Kò Bàjẹ́

Ọdún tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo rí iṣẹ́ ní báǹkì kan ní Ìkọ̀lé. Iṣẹ́ mi ni pé kí n jókòó sídìí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí n so táì, kí n sì máa rẹ́rìn-ín sí àwọn oníbàárà. Táì yẹn ni mo máa ń rántí láti so.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, olú iléeṣẹ́ wa ránṣẹ́. Àwọn olè ti wọ inú kọ̀ǹpútà ilé ìtajà ńlá kan ní Adó, wọ́n sì ti jí nọ́ńbà káàdì gbogbo ẹni tó fi káàdì rajà níbẹ̀ kó. Kí a gba káàdì àwọn wọ̀nyí, kí a fi àlùmọ́gàjí gé e lójú wọn, kí a sì bá wọn béèrè òmíràn. Ènìyàn mọ́kànlá ni ọ̀rọ̀ náà kàn lọ́dọ̀ wa. Máníjà ní kí n kọ orúkọ wọn gàdàgbà, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlẹ̀kùn.

Níbòmíràn, ẹni tí olè bá jà á máa bànújẹ́. Ní Ìkọ̀lé, ìwé náà di ìwé oyè. Káàdì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé nígbà náà. Ẹni tó bá fi rajà ní Adó kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ń tò síwájú kàǹtà. Àwọn tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́dọ̀ wa gun ọ̀kadà láti Ìrè wá kà á. Ìyàwó oníkòkó kan wọ léèsì wá, ó sì bi mí bóyá mo lè gé káàdì òun díẹ̀díẹ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i.

Àbúrò bàbá mi kò sí nínú àwọn mọ́kànlá náà.

Akọ̀wé ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí pé akọ̀wé ilé ìwé girama ni kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló rán mi lọ sí yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi ènìyàn ṣẹ̀sín láìla ẹnu. Lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ náà, wọn yóò dìbò yan ààrẹ ẹgbẹ́ ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ipò kan ṣoṣo tó ti ń lé láti ọdún pípẹ́. Ohun tó fi ń polongo ara rẹ̀ ni pé ojú òun là. Ẹ̀rí rẹ̀ sì ni náílọ́ọ̀nù kan tí orúkọ ilé ìtajà Adó yẹn wà lára rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, á gbé búrẹ́dì sínú rẹ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, á sì máa sọ fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè pé búrẹ́dì Ìkọ̀lé kò bá òun lára mu.

Èmi ni mo ni náílọ́ọ̀nù náà. Áyọ́ọ̀nù tí mo rà ní ilé ìtajà náà ni wọ́n dì fún mi nínú rẹ̀. Mo jù ú sórí ààtàn. Ó ṣà á, ó fọ̀ ọ́, ó sá a sórí okùn.

Lọ́jọ́bọ̀, ó dé. Ó dúró pẹ́ níwájú ìwé náà, ó fi ìka tọ orúkọ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún ti ìsàlẹ̀ padà sókè. Ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò náà, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró kí n gé tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló ṣe ìkẹta.

Àbúrò bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ sí mi létí pé wọ́n ti fo orúkọ òun. Èmi náà rọra dá a lóhùn pé ẹni tí kò fi káàdì rajà ní Adó ni orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àti pé káàdì tirẹ̀ kò ní àléébù kankan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n ó na káàdì náà sí mi, ó sì gbé ohùn sókè kí ará bẹ́ǹṣì lè gbọ́.

"Gé tèmi náà."

"Bàbá, kò bàjẹ́."

"Mo ní kí o gé e. Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti ń rajà ni?"

Mo lè gé e kí n sì dákẹ́. Mo lè sọ pé kó padà wá lọ́la. Ṣùgbọ́n mo kàwé, mo sì so táì. Mo mú bírò, mo ṣe bí ẹni pé fọ́ọ̀mù ló ń béèrè.

"Kí lẹ rà níbẹ̀, Bàbá?"

Fọ́ọ̀mù kankan kò béèrè bẹ́ẹ̀.

"Búrẹ́dì," ló wí.

Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀, bí ẹni ń tu ọlọ́fọ̀ nínú.

"Akọ̀wé, fáànù àti áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Àbí búrẹ́dì oníná ni tiyín?"

Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà tẹ̀ lé e. Èmi ni mo ṣe ìkẹta.

Àbúrò bàbá mi kò fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ohùn Èkìtì tó máa ń gbé pamọ́ bó bá dé báǹkì bọ́ sí i lẹ́nu. "Ọmọ mi, ṣe uṣẹ́ rẹ."

Mo gé e sí méjì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìbò méjì ló ní: tirẹ̀, àti ti ẹni tó ń lu aago ṣọ́ọ̀ṣì, tí etí rẹ̀ ti di. Kí oṣù tó parí, wọn kò pè é ní Akọ̀wé mọ́. Bàbá Búrẹ́dì ni.

Káàdì àwọn mọ́kànlá dé. Tirẹ̀ kò dé. Olú iléeṣẹ́ béèrè ìdí tí a fi gé káàdì tí kò bàjẹ́, wọ́n sì béèrè bóyá orí oníbàárà náà pé. Mo fi ìwé wọn sínú dúrọ́ọ̀, n kò fèsì.

Láti ìgbà náà, òun náà ń wá tò síwájú kàǹtà lóṣooṣù fún owó ìfẹ̀yìntì, láàárín àwọn tí òun alára ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú tẹ́lẹ̀. Bó bá dé ìdí tábìlì mi, á ṣí fìlà.

"Ọ̀gá," á ní, "ṣé káàdì mi ti dé?"

Màá ní kò tíì dé. Òun nìkan ni oníbàárà tí n kì í gbàgbé láti rẹ́rìn-ín sí.