Eré Náà Gan-an Ni Mo Ń Tọrọ Owó Fún

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé aládàáni kan ní fólíbọ́ọ̀lù lórí pápá kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Kemta. Àwọn òbí wọn ń sanwó, àwọn ọmọ náà ń wọ bàtà funfun wá, ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, eré náà ti sú wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn gbá bọ́ọ̀lù fo ògiri. Kí n tó ní kí ẹnì kan lọ mú un wá, bọ́ọ̀lù ti padà dé. Ó gba orí nẹ́ẹ̀tì kọjá, ó sì balẹ̀ síbi tó yẹ kó balẹ̀ gẹ́lẹ́.

Mo sáré jáde. Ọmọbìnrin kan ni mo bá níta, tó ru báàfù omi inú ọ̀rá, tí ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà lókè. Ọ̀rá omi kan ṣoṣo kò já bọ́ lórí rẹ̀.

“Ta ló kọ́ ọ?” ni mo bi í.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà.” Ó rò pé mo wá bá a jà ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú ló ti kúrò nílé ìwé. Láàárọ̀, ó ń kọ́ṣẹ́ àdìrẹ. Lọ́sàn-án, ó ń ta omi kiri láti Ṣàpọ́n dé Kemta. Tó bá dé ilé, àbúrò mẹ́ta ń dúró dè é. Mo ní kó wá rí mi ní Ọjọ́bọ̀. Ó wá, ó sì kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ fi di mẹ́rìnlá: ọmọ iṣẹ́ aránṣọ, ọmọ iṣẹ́ onídìrí, àwọn tó ń fọṣọ fún ará àdúgbò. Àwọn kan wọ híjáàbù, àwọn kan jẹ́ ọmọ ìjọ wa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń lọ sílé ìwé.

Àwọn òbí tó ń sanwó rán ẹnì kan sí mi pé àwọn ò fẹ́ kí ọmọ àwọn máa bá ọmọ ìta ṣeré. Mo ní kò burú, kí wọ́n wá mú ọmọ wọn lọ. Wọ́n sì mú wọn lọ lóòótọ́.

Bí a ṣe dá wà nìyẹn, àwa àti bọ́ọ̀lù kan tó ti ń bó, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì tí a fi okùn so kọ́ bí aṣọ tó gbó. Ẹnì kan tí mo kọ́ nílé ìwé tẹ́lẹ̀ ló sọ fún mi pé àjọ kan wà tó ń fúnni ní owó ìrànwọ́ láti fi ṣètò nǹkan fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò sí nílé ìwé. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà, mo gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n bi mí níbẹ̀ pé kí ni àǹfààní ètò mi. Mo kọ ọ́ pé: “Wọn yóò ṣeré.”

Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní eré kì í ṣe àǹfààní.

Oníkọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín. “Mà, ẹ kọ ọ́ pé ọ̀daràn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ kan kún un. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.”

Ó yẹ kí n dìde kúrò níbẹ̀. Mi ò dìde. Mo jókòó, mo sì kọ ọ́ pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń jalè, pé àwọn mìíràn ti ń bá ọkùnrin kiri, pé fólíbọ́ọ̀lù ló fà wọ́n padà, àti pé a ó máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ. Mo buwọ́ lù ú. Mo sọ fún ara mi pé nítorí tiwọn ni.

Ìyẹn wu àjọ náà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n rán aṣojú wọn wá wò wá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó gbé kámẹ́rà wá láti Èkó. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Mi ò lè sọ pé èèyàn búburú ni. Ó wo àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà ó ní kí n yan ẹnì kan tó máa sọ̀rọ̀. Mo yan ọmọbìnrin olómi náà.

Aṣojú náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. “Ó dáa, sọ fún wa bí o ṣe ń jalè tẹ́lẹ̀, àti bí eré yìí ṣe yí ọ padà.”

Ọmọ náà yíjú sí mi. “Mà, ṣé èmi ni wọ́n ń bá wí?”

Ó tún yíjú sí kámẹ́rà, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Aró ti wọ inú èékánná rẹ̀.

“Mi ò jalè rí. Ìyá mi ò jalè. Láti ìdájí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ wo ọwọ́ mi. Ibí yìí nìkan ni wọn kì í ti í rán mi níṣẹ́. Ìdí tí mo fi ń wá nìyẹn.”

Mo lè sọ pé ojú ló ń ti ọmọ náà, kí n pe ẹlòmíràn. Ẹnu mi ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni àwọn mẹ́tàlá yòókù ń wò.

Mo ní, “Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀. Kò sí olè kan láàárín wọn. Èmi ni mo parọ́ mọ́ wọn.”

Aṣojú náà gbé kámẹ́rà sílẹ̀. “Mà, tí mo bá kọ èyí, ẹ ò ní rí owó náà gbà.”

“Kọ ọ́.”

“Ọṣẹ tí ẹ ní ẹ ń ṣe ńkọ́, mà?”

“Ọṣẹ wo? Àwọn tó ń fọṣọ àdúgbò látàárọ̀, ṣé ọṣẹ ni kí n tún kó fún wọn? Iṣẹ́ kò wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Eré ló wọ́n. Eré náà gan-an ni mo ń tọrọ owó fún.”

Ó kọ ọ́. A ò sì rí owó náà gbà.

Ohun tó dùn mí jùyẹn lọ ni pé olómi náà kò wá lọ́sẹ̀ yẹn, kò wá lọ́sẹ̀ kejì. Mo lọ bá a níbi iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀, Àlàájà kan tí ìdílé wọn ti ń ṣòwò aṣọ tipẹ́, dìde nídìí ìkòkò aró.

“Ṣé ẹ̀yin ni olùkọ́ tó ní ọmọ mi ń jalè?”

“Èmi ni,” ni mo wí. “Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni.”

Níwájú gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ ni mo ti bẹ ọmọ tí kò tó ọmọ ọmọ mi. Ó gbọ́ mi tán kó tó dáhùn.

“Mo máa padà wá, mà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tún máa kọ nǹkan nípa wa, ẹ kà á fún wa kí ẹ tó buwọ́ lù ú.”

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Nígbà tó di ọdún kejì, a jókòó sórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn, mo ń kọ, wọ́n ń bá mi jiyàn lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí n má kọ “aláìní.” Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé Ọjọ́bọ̀ nìkan ni àwọn ń sinmi. Àjọ mẹ́ta la fi ránṣẹ́ sí. Méjì kò dá wa lóhùn. Ẹ̀kẹta béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè, pé kí ni àǹfààní rẹ̀, a sì fún wọn ní èsì kan náà: wọn yóò ṣeré. Ìdajì ohun tí a béèrè ni wọ́n fún wa. A ra nẹ́ẹ̀tì, a ra bọ́ọ̀lù, a sì háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Alábàtà láti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì gbá a.

Wọ́n nà wá. Sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la rí mú, orin la sì fi padà délé.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àgbà ìjọ kan dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ṣùgbọ́n lóòótọ́, kí làwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń rí jèrè níbẹ̀?”

Mo ní kí wọ́n wá jókòó tì wá ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n wo ojú àwọn ọmọ náà. Bí wọn ò bá rí èrè náà níbẹ̀, mi ò ní fọ́ọ̀mù tí mo máa kọ ọ́ sí fún wọn.