Àdúà fún Morádéyọ̀

Iṣẹ́ ọwọ́ Mùíbátù ni kí ó máa bó ìwé. Bí a ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ṣe ń bó o: wọ́n á di ìwé mú láàárín, wọ́n á fa èèpo rẹ̀ tó le ya pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti òwú tí wọ́n fi dì í, wọ́n á sì ju inú rẹ̀ sínú àpò. Inú ìwé ń lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tíṣù lọ́nà Ṣàngó. Èèpo ń lọ sọ́dọ̀ àwọn onípáálí. Bí èèpo kan bá ṣèèṣì bá inú ìwé lọ, ẹ̀rọ kì í lè lọ̀ ọ́, Sàlàkọ́ tó jẹ́ ọ̀gá wọn lábẹ́ àgọ́ onípáànù tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ á sì pariwo títí gbogbo àdúgbò á fi gbọ́.

Ará Ìwó ni Mùíbátù. Ó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Itele nígbà tí ọkọ náà rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin. Ọkọ kú, Ọlọ́run forí jì í. Mùíbátù kò padà sílé. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kò rí nǹkan kan kà. Ìwé pélébé tí àwọn oníwàásù ń pín nínú mọ́tò àti àkọlé ara ògiri ni ó ń rí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn ìjọ ńláńlá àti yunifásítì tuntun ti sọ ilẹ̀ ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò di ohun tí gbogbo ayé ń wá. Ìjọ kan ra ilé tíṣà àtijọ́ kan tó ti kú, nítòsí Ìyànà Iyesi. Àwọn ọmọ rẹ̀ kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó àga, wọ́n fi ìwé sílẹ̀. Àwọn tó ń ra bébà àlòkù kó gbogbo rẹ̀, ó sì dé iwájú Mùíbátù.

Ìwé Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ti bó púpọ̀ nínú wọn kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sórí ìlà kan. Ó ka ìlà tó tẹ̀ lé e. Ó jókòó. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jẹun ọ̀sán.

Ó lọ bá Sàlàkọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yá àpò kan nínú èyí."

"Yá kẹ̀? Ṣé láíbìrì ni mo ṣí síbí ni?"

"Ẹ wọ̀n ọ́n báyìí. Ọjọ́ tí mo bá dá a padà, kí ẹ tún un wọ̀n."

Ẹ̀rín pa Sàlàkọ́. Ó ní kí ó máa gbé e lọ.

Báyìí ni Mùíbátù ṣe dẹni tó ń kàwé. Ìwé kan nínú àpò náà sọ bí wọ́n ṣe ń sin ẹja. Òmíràn sọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ohun tí iyọ̀ ń ṣe nínú ara. Ìtàn ìlú kan àti àwọn ọba rẹ̀ wà níbẹ̀. Eré orí ìtàgé kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí òun rò pé àwọn kan ló ń jà ní ti gidi, tí ẹnìkan jókòó tì wọ́n tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ti ń jáde lẹ́nu wọn. Ìwé kan wá wà nípa obìnrin tó ń jẹ́ Morádéyọ̀. Ọkọ rẹ̀ bá àwọn onígẹdú lọ sínú igbó, kò padà dé. Àwọn ará ilé ọkọ sì ń fẹ́ lé òun àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Kò sí èèpo lára ìkankan nínú wọn, kò sì sí ojú ewé àkọ́kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fà wọ́n ya. Kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé èyí ṣẹlẹ̀, èyí ẹnìkan ló rò ó. Ó bi àwọn tó ń sin ẹja ní Igbesa léèrè, wọ́n ní bí ìwé ṣe wí ló rí. Ó dín iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ kù, orí tó máa ń fọ́ ọ fúyẹ́. Ó gba ọ̀rọ̀ Morádéyọ̀ gbọ́ bákan náà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, àwa obìnrin jókòó ní asàlátù, ìpàdé àdúà wa, ní mọ́sálásí. Ìyá Àdínnì wa, Alhaja Rùkáyátù, bèèrè ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀. Mùíbátù tí kì í sọ̀rọ̀ láàárín wa dìde.

"Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run fún obìnrin kan, Morádéyọ̀. Ọkọ rẹ̀ lọ sí igbó gẹdú, kò dé."

"Ẹbí rẹ ni?"

"Rárá o, Alhaja. Mo kàn mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni."

A ṣe àdúà. Àṣà ẹgbẹ́ wa ni pé bí a bá ti gba orúkọ ẹnìkan, a kì í fi í sílẹ̀ títí a ó fi gbọ́ àbọ̀. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, Alhaja á bèèrè, Mùíbátù á dáhùn: wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ síta, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ọmọ ń ṣàìsàn. A din àkàrà, a fi ṣe sàráà nítorí rẹ̀. Hajarat, tó kéré jù láàárín wa, a máa sunkún bí ẹni pé ìyá wọn kan náà ni.

Ọjọ́ kan ni Nàfísátù aránṣọ ti ìrìn àjò dé, ó sì gbọ́ orúkọ yìí.

"Morádéyọ̀ wo? Èyí tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́? Tọkọ rẹ̀ jẹ́ onígẹdú?"

"Òun ni," Mùíbátù ní.

"Yéè! A ka ìwé yẹn nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà! Ìtàn àròsọ ni! Ẹ̀yin àgbààgbà wá jókòó, ẹ ń din àkàrà fún ẹni tí wọ́n fi bírò bí!"

Mọ́sálásí dàrú fún ẹ̀rín. Mùíbátù kò rẹ́rìn-ín. Ó mú bàtà rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì ó ru àpò náà padà fún Sàlàkọ́.

"O ti kà á tán?"

"Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n."

Gbogbo rẹ̀ ló pè ní irọ́, kì í ṣe ti Morádéyọ̀ nìkan. Ó da iyọ̀ padà sínú ọbẹ̀. Orí tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kò wá. Alhaja pe àwọn orúkọ wa bó ti ń pè wọ́n. "Morádéyọ̀. Kí ni àbọ̀?"

"Alhaja, ẹni tí kò sí láyé," Nàfísátù ní.

"Mo gbọ́. Ṣé mo ti gba àbọ̀?"

Hajarat ló fọhùn. "Èmi fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ yẹn padà dé," ó ní. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò sọ fún wa rí. Láwàlì, ọkọ tirẹ̀, ti lọ sí Kútọnu lọ gbé mọ́tò wá, òun ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Alhaja kó wa sẹ́yìn, ó di ilé Mùíbátù.

"A wá gba àbọ̀."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Alhaja. Mo kó irọ́ wọ mọ́sálásí."

"Ta ló pè é nírọ́? Ẹni tó kọ ọ́ ò wá búra fún ọ. Ìwọ lo fa èèpo rẹ̀ ya."

Hajarat kúnlẹ̀. "Ìyá mi, ọkọ tèmi náà lọ kò dé, n kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Nígbàkigbà tí mo bá ń ṣe àmín fún Morádéyọ̀, èmi náà ni mò ń ṣe é fún."

Mùíbátù fa ìbòrí rẹ̀ wọ̀. "Ọkọ̀ ń gbẹ́rù lónìí," ó ní. "Wọ́n ń kó àwọn ìwé yẹn lọ lọ̀."

Ọ̀kadà la gùn lọ sí àgọ́ Sàlàkọ́. Ọkọ̀ kan ti lọ. Èkejì ti di ẹrù tán, wọ́n ń so okùn. Sàlàkọ́ káwọ́ lérí. "Ẹ̀yin alásàlátù, kí ni mo tún ṣe fún un yín?" Nàfísátù kò dá a lóhùn. Nínú aṣọ mọ́sálásí rẹ̀ ló gun orí ọkọ̀, ó ń sọ àpò sílẹ̀ fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé ẹja ti lọ. Eré orí ìtàgé náà ti lọ. A rí Morádéyọ̀. A rí ìwé iyọ̀, àti ìdajì ìtàn ìlú, tó bẹ̀rẹ̀ láti ọba kẹrin.

Mùíbátù ka ìyókù fún wa ní mọ́sálásí. Ọkọ kò padà dé. Morádéyọ̀ kọ́ búkà kékeré kan sí etí ọ̀nà, àwọn onígẹdú ń jẹun níbẹ̀, ó sì ń bi gbogbo wọn léèrè ọkọ rẹ̀ títí ìwé fi parí. Mo dúpẹ́ pé mo wà níbẹ̀, nítorí n kò tíì gbọ́ kí a máa ka ọ̀rọ̀ obìnrin bíi tiwa sókè rí.

Láti ọjọ́ náà la ti ń kàwé ní pàṣípààrọ̀: lọ́sẹ̀ yìí èyí tó ṣẹlẹ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ èyí tí wọ́n rò. Mùíbátù a máa kọ́kọ́ sọ fún wa irú èyí tó jẹ́. Èmi náà ti dín iyọ̀ kù.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a gbọ́ ìparí Morádéyọ̀ náà, Alhaja nu ojú, ó ní, "A ti gba àbọ̀ Morádéyọ̀. Ta ló tún ní ẹ̀bẹ̀?"

Hajarat dìde fúnra rẹ̀. "Láwàlì," ó ní. "Ọkọ mi ni."

A ṣe àmín.