Ẹ̀kúnwọ́ Iyọ̀ Kan

Màmá mi kì í wọ aṣọ alápá kékeré. Ooru Èkó ì báà mú tó báwo, apá bùbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ bò ó dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, mo fa aṣọ tó wà lórí tábìlì, epo tó fi ń dín bọ́ọ̀nsì sì dà sí i lápá. A kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Kò mọ̀ pé torí apá yẹn ni mo ṣe yan iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì. Ohun kan tó rí bíi kànìnkànìn ni mò ń ṣe, èyí tí awọ tuntun lè hù sínú rẹ̀. Mo po jẹ́látìnì tí wọ́n yọ lára awọ màlúù, mo da iyọ̀ sí i, mo fi ooru mú un le kí omi má baà yọ́ ọ. Tí a bá wá fi omi fọ iyọ̀ náà kúrò, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ á di ihò wẹ́wẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá mi fẹ́ rí i, wọ́n sì máa ń ti yàrá ìwádìí pa lópin ọ̀sẹ̀, ni mo bá kó o wá sílé ní Festac.

Omi ẹ̀rọ àdúgbò wa máa ń pọ́n bí ìpẹtà, nítorí náà píọ́ wọ́tà ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, iyọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá nígbà tí omi tán. Mo gbé e sínú fíríìjì, mo sáré lọ ra àpò kan ní Apple Junction. Kí n tó dé, wọ́n ti mú iná lọ.

"Mo ti bá ẹ tọ́jú pọ̀nmọ́ ẹ tó wà nínú fíríìjì o," ni Màmá wí. "Mo da iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, kó má baà bàjẹ́."

Bó ṣe máa ń ṣe sí pọ̀nmọ́ tirẹ̀ nìyẹn bí iná bá lọ.

"Mọ́mì, ẹ ti bayé mi jẹ́!" Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì, mo bú sẹ́kún. Ojú ń tì mí báyìí tí mo bá rántí.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, kò bá mi wí. Ó fa àpótí jókòó, ó fi eyín ya ọ̀rá omi kan, la bá tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń tọ́ omi náà wò bó ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Iyọ̀ ṣì wà ńbẹ̀."

À ń dà á nù, à ń da òmíràn sí i. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú kó tó ní, "Ó ti tẹ́ wàyí." Ó mú ègé kan nínú rẹ̀ sókè lójú fèrèsé, ó ń wo àwọn ihò náà.

"Ta ni wọ́n máa lò ó fún?"

"Ẹni tí epo gbígbóná bá jó, Mọ́mì."

 Ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó gbé e lé ojú àpá náà. Kò tilẹ̀ bo ìdámẹ́rin rẹ̀.

"Ṣé torí èyí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Èmi ni mo gbé epo síbi tọ́wọ́ ọmọdé tó," ó ní. "Mò ń bò ó kí o má baà máa rántí ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sìn mí dé ẹnu géètì. Aṣọ alápá kékeré ló wọ̀.