Sisí, Màlúù Tí A Mú Lọ sí Àfihàn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì ju ẹni tí wọ́n ń rán lọ kó èèpo ẹ̀gẹ́ lọ, màlúù là ń sìn nílé wa ní Ìkòsì. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ládùúgbò Kétu àti Mile 12 á rántí pé ilẹ̀ ṣì wà nígbà náà, koríko ṣì ń hù lẹ́yìn ilé. Màlúù mẹ́fà la ní, funfun ni gbogbo wọn. Kí n tó wẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, mo gbọ́dọ̀ ti gbá ìgbẹ́ wọn, kí n sì bu èèrí ògì sí ọpọ́n wọn. Òórùn èèrí kíkan yẹn kì í kúrò lára yúnífọ́ọ̀mù mi, àwọn ọmọ kíláàsì mi a sì máa dún bíi màlúù bí mo bá ń kọjá. Bí mo bá sá fún iṣẹ́ náà pẹ́nrẹ́n láti lọ ṣe tẹ́ń-tẹ́ń, kíkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ méjèèjì lókè.

Ohun tó ká Dádì mi lára jù láyé ni àfihàn ẹran ọ̀sìn ọdọọdún. Ọdún méjì tó tẹ̀léra ni a ti lọ tí a ò mú nǹkan kan bọ̀ bí kò ṣe ẹ̀sín. Àwọn tó ń sin màlúù láti ìlú òkè a ní, “Ará Èkó, ṣé inú yàrá lẹ ti ń sin tiyín ni?” Dádì búra pé lọ́dún kẹta, orúkọ òun ni wọn yóò pè síwájú. Ó ya ẹgbọrọ abo kan tí à ń pè ní Sisí sọ́tọ̀, ó ń bọ́ ọ lójú méjèèjì.

Aránṣọ ni Mọ́mì mi, ní Kétu. Ní gbogbo Sátidé, téèpù rẹ̀ la fi ń wọn Sisí. Mọ́mì ń wọ̀n, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ká téèpù náà, ó ní, “Bàbá Bọ́lá, ẹran yìí lóyún o. Àyà ẹ̀ ò kúrò níbi tó wà látọjọ́ yìí, ikùn nìkan ló ń fẹ̀. Bí àwọn kọ́sítọ́mà mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn.” Mọ́mì mi kì í ṣàṣìṣe lórí èyí. Ó máa ń mọ̀ pé obìnrin ti lóyún kí ọkọ obìnrin náà tó mọ̀.

Dádì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Sisí ṣì kéré, ọ̀rá ló ń kó sínú. “Ìyá Bọ́lá, aṣọ ni kóo máa wọ̀n.” Èmi ọmọ bàbá mi sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, “Mọ́mì, ẹ ò kúkú mọ nǹkan kan nípa màlúù.” Ìgbátí tí Mọ́mì fún mi ṣì ń dún létí mi dòní. Mọ́mì ò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ àfihàn, ó fi ọṣẹ àti tówẹ́ẹ̀lì sínú báàgì, ó ní òun ń bá wa lọ. Kò tẹ̀lé wa rí.

A ti wẹ Sisí, a fi òróró pa ìwo rẹ̀, ó ń dán. Nígbà tí Dádì fà á wọ inú agbo, àwọn ará ìlú òkè na ọrùn láti wò ó. Inú mi dùn débi pé mi ò lè dúró sójú kan. Adájọ́ fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ ìhà rẹ̀, ó wá lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò sì kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, ìgbà wo lẹran yìí rí akọ kẹ́yìn?”

Dádì ò tíì dáhùn tí Sisí fi dùbúlẹ̀. Dádì fa okùn, kò dìde. Omi tú yàà lára rẹ̀. Mo rí pátákò kékeré kan tó yọ níta, mo rò pé nǹkan ti bẹ́ nínú rẹ̀ ni, mo kígbe. Ẹnì kan wá ní, “Ará Èkó gbé aboyún wá síbi ìdíje!” Ni ẹ̀rín bá bú. Dádì di okùn mú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò lè sún síwájú, kò lè sún sẹ́yìn. Mi ò rí i rí kí ó má mọ ohun tó kàn. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju pátákò náà lọ.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló jáde, Sisí ń kérora, wọ́n sì ń wá dókítà ẹran kiri. Mọ́mì mi ló gun ọgbà kọjá. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó kúnlẹ̀, ó sì ń wá ẹsẹ̀ kejì nínú lọ́hùn-ún. “Bàbá Bọ́lá, ẹ di orí ẹ̀ mú. Ẹ má fà á. Ẹ jẹ́ kó mí.” Dádì kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń ṣe gbogbo ohun tí Mọ́mì bá ti ní kó ṣe. Nígbà tí ọmọ màlúù náà yọ̀ jáde, tí Mọ́mì nu imú rẹ̀, tí ọmọ náà sì sín, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Wọ́n yọ wá kúrò nínú ìdíje. Nínú ọkọ̀, mo jókòó ti Mọ́mì. Mo fẹ́ bẹ Mọ́mì, ojú tì mí, mo kàn gbé orí lé ejìká rẹ̀.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù ọdún tó tẹ̀lé e dé, èmi ni Dádì ní kí n kún un. Mo ti ń kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí wọ́n ti ní kí a kọ orúkọ ẹni tó ń sin ẹran. Ó ní, “Pa á rẹ́. Orúkọ ìyá ẹ ni kóo kọ.” Mo wò ó bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹnu tó yà mí lọ́jọ́ tí Sisí bímọ ò tó ti ọjọ́ yẹn. Mo gbọ́ tí Mọ́mì ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nínú yàrá kejì kíkankíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lónìí, ilé pẹtẹ́ẹ̀sì ló wà níbi tí màlúù wa ń jẹko. Dókítà ti ń fi ẹ̀rọ wo inú ẹran, tọkọtaya sì ń fi sọ́rì ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù kí oúnjẹ tó tutù. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi, wọ́n ní, “Ṣé Grandpa wá bẹ Grandma?” Mo ní rárá, kò bẹ̀ ẹ́ rí. Wọ́n ní kò dáa tó. Wọn ò mọ ayé ìgbà náà. Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́ta wá bí wọn yóò ṣe pe orúkọ òun síwájú, tó wá ní ti ìyàwó òun ni kí wọ́n máa pè, mi ò mọ ohun tí wọ́n tún fẹ́ kó fẹnu sọ.